Ta Ló Ru Ẹrù Lọ sí Bìní ní 1897?

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Òkìtìpupa, àwa márùn-ún jókòó wo Invasion 1897, fíìmù tí Lancelot Oduwa Imasuen gbé jáde ní 2014. A máa ń ka ìwé pọ̀, a máa ń wo fíìmù pọ̀, a sì máa ń jiyàn lé e lórí títí ẹnì kan á fi bínú lọ sílé. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìnkùlé, epo inú rẹ̀ ò pọ̀, ojú gbogbo wa sì wà lára bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná. Ìyá ọ̀kan nínú wa, àwọn tó ni ilé, wá bá wa jókòó. Wọn ò sọ nǹkan kan títí fíìmù fi dé ibi tí wọ́n ti pa àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ ní Bìní. Ìgbà náà ni wọ́n bi wá pé, "Àwọn tó ru ẹrù wọn ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé, "Ìyá, wọ́n pa àwọn náà."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ọmọ ta ni wọ́n?"

A ò rí èsì fún Ìyá lálẹ́ ọjọ́ náà, a ò sì tíì rí i títí di ìsinsìnyí. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ti yí ojú tí a fi ń wo gbogbo ohun tí wọ́n kọ àti ohun tí wọ́n ṣe nípa 1897 padà. Òun la gbé lọ́wọ́ bí a ṣe padà sídìí fíìmù náà, tí a tún lọ gbé eré Ola Rotimi, Ovonramwen Nogbaisi, jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ìtàn náà, torí kì í ṣe gbogbo wa la kà á nílé ìwé. Ní 1892, Gallwey, igbákejì kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àdéhùn lọ́dọ̀ Ọba Ovonramwen. Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé náà ti ṣí ọjà Bìní sílẹ̀ fún gbogbo oníṣòwò. Ọba ò rí i bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀: ó ń gba owó ibodè rẹ̀ lọ, ó sì ń ti ọjà pa nígbà tó bá rí i pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ní oṣù kọkànlá 1896, James Phillips, tó ń ṣe adelé kọ́ńsù àgbà, kọ lẹ́tà sí London pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ yọ Ọba kúrò lórí oyè. Ó wá fi kún un pé òun nírètí pé eyín erin tí àwọn bá bá láàfin á tó san owó ìnáwó náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Wọn ò tíì yin ìbọn kan ṣoṣo, wọ́n ti ń ṣírò ẹrù tí wọ́n máa kó.

Kí èsì tó dé, Phillips ti gbéra. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó ṣe sùúrù, Ọba ń ṣe ọdún Igue lọ́wọ́. Kò dúró. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Bìní dá wọn lọ́nà láàárín Ughoton sí Bìní. Nínú àwọn òyìnbó tó bá a lọ, méjì péré ló yè, Boisragon àti Locke. Kò pé oṣù méjì tí ọ̀gágun ojú omi Harry Rawson fi kó bí 1,200 ọmọ ogun wọlé, nígbà tó sì di ọjọ́ 18 oṣù kejì, Bìní ti bọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, iná jó ààfin. Idẹ àti eyín erin tí wọ́n kó lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ọba tó ti wọ igbó lọ jáde ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbé e lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi wàjà ní 1914.

Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òyìnbó kì í ru ẹrù ara rẹ̀ wọ igbó láyé ìgbà náà. Àwọn tó ru àgọ́, oúnjẹ, àpótí àti ẹ̀bùn Phillips tó bí 200, ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Ìtsẹkírì, àwọn Kru sì wà láàárín wọn. Ìbọn kankan ò sí lọ́wọ́ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọn ò padà sílé. Ní ti àwọn òyìnbó, orúkọ kálukú wọn àti ipò tó wà nídìí iṣẹ́ wà nínú ìwé. Boisragon kọ ìwé odindi kan lórí bí òun ṣe sá àsálà, ó jáde lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn aláàárù ní tiwọn, iye ni wọ́n fi ń pè wọ́n.

Ohun tó mú kó dùn wá ju bó ṣe yẹ lọ ni pé Ìtsẹkírì ò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti gbọ́ èdè wọn rí, tó sì gbọ́ Ìkálẹ̀ tàbí Ìlàjẹ, á mọ̀ pé ìyá kan ló bí wọn. Nígbà tí Ìyá béèrè pé ọmọ ta ni wọ́n, kì í ṣe bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ni wọ́n ṣe béèrè. Bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò ẹni ni.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí fíìmù. Imasuen lóye nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù onítàn nílẹ̀ wa ò tíì lóye: ó mọ̀ pé 1897 kò tíì parí. Kóòtù ní London ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin Bìní kan pé ó fẹ́ jí iṣẹ́ ọnà Bìní kó ní mùsíọ́ọ̀mù, ohun tó sì fi gbèjà ara rẹ̀ ni ìtàn ìlú rẹ̀. Ta ni olè nínú èmi àtẹ̀yin? Ìbéèrè tó mú ni. A pàtẹ́wọ́. Ẹ sì rántí pé 2014 ni o, nígbà tí púpọ̀ nínú wa ò tíì gbọ́ ohunkóhun nípa dídá nǹkan padà. Láti ìgbà náà, Jámánì ti fọwọ́ sí i ní 2022 pé Nàìjíríà ló ni iṣẹ́ ọnà Bìní tó lé ní 1,100, wọ́n sì gbé bí ogún wá sílé lọ́dún náà. Mùsíọ́ọ̀mù Horniman ní London yọ̀ǹda 72. Ní 2025, Netherlands dá 119 padà. Fíìmù náà ti ń pariwo kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ó yẹ ká fún un ní ìyìn yẹn.

Ariwo náà gan-an sì ni àléébù rẹ̀. Gbogbo ènìyàn inú fíìmù yìí ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ìtàn ń wo òun. Ìjòyè kan kì í kàn béèrè omi lásán. Àfi kó fi ohùn aláago béèrè. Ẹ̀yin náà mọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó burú jù wà nínú kóòtù tó fi gbé ìtàn náà ró. Ẹgbẹ́ méjì péré ló máa ń wà ní kóòtù, olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́. Gẹ̀ẹ́sì dúró lápá kan, ààfin Bìní dúró lápá kejì, kálukú sì ní ẹni tó ń gbẹnu sọ fún un. Ẹni tó kú sáàárín àwọn méjèèjì ò ní lọ́yà. Tí lọ́yà Gẹ̀ẹ́sì bá dárúkọ rẹ̀, á fi í kún ẹ̀sùn tó fi kan Bìní ni. Tí ti Bìní bá dárúkọ rẹ̀, ẹjọ́ á bàjẹ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ méjèèjì ni pé kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ rárá.

Nǹkan kan wà tí ọ̀kan nínú wa tọ́ka sí tí a ò lè gbàgbé. Idẹ Bìní kọ̀ọ̀kan tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ tó dé, ẹni tó tà á, bó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó. Orí idẹ ní ìwé ẹ̀rí, orí ènìyàn tó ru àpótí ò ní. A ò wí bẹ́ẹ̀ láti tako àwọn tó ń jà kí àwọn nǹkan wọ̀nyí padà wálé. Kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, kó kù sí ọ̀la. A kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ nǹkan tí wọ́n kó ti gba gbogbo ẹnu wa débi pé a ò rí ẹnu kù fún ọ̀rọ̀ ẹni tó kú.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí eré. Ife ni Ola Rotimi ti kọ́kọ́ gbé Ovonramwen Nogbaisi sórí ìtàgé ní 1971, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1974. Ká má parọ́, nínú gbogbo ohun tí a kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó tó o. Ní 1897 ni Bacon, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ológun tó bá Rawson wá, ti tẹ ìwé tirẹ̀ jáde, Benin: The City of Blood. Orúkọ ìwé náà fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ kí ẹ tó ṣí ojú ìwé kìíní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú Ọba tí àwọn ìwé òyìnbó ń gbé kiri nìyẹn, ọba tí kò mọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Rotimi gba Ọba lọ́wọ́ wọn, ó sì sọ ọ́ di ènìyàn. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Ovonramwen ń dá ẹjọ́ àwọn ìjòyè tirẹ̀, a sì ti rí i níbẹ̀ pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ìṣòro rẹ̀: ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ò dúró dáadáa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Phillips dé, kì í ṣe Ọba ló ní kí wọ́n pa wọ́n. Àwọn ìjòyè ló fò lé e, Ológbosere ló ṣáájú wọn. Ọba mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, apá rẹ̀ ò sì ká a mọ́.

Eré tó dùn kà ni. Nígbà tí a kà á sókè, tí kálukú mú ipò tirẹ̀, ẹni tó ka ti Ọba ní ohùn òun fẹ́ gé lẹ́nu nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Ibi tí a ti fẹ́ bá Rotimi jà wà nínú bátànì eré náà. Òun náà ni ó mú eré Sophocles, ará Gíríìkì àtijọ́, tó sọ ọ́ di The Gods Are Not to Blame. Òun ló kọ Kurunmi lórí ogun Ìjàyè. Nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bátànì kan náà ni: ẹni ńlá kan dúró lókè, àmì ti hàn tẹ́lẹ̀, ìkìlọ̀ ti dé, ó ń lọ síbẹ̀, ó ṣubú, a sunkún. Àwọn ará Gíríìkì ló fi bátànì yẹn sílẹ̀, ó sì dára fún Oedipus, torí ọ̀rọ̀ inú ilé Oedipus ni. Ṣé ó dára fún 1897?

Tí ìṣubú ìlú bá ti di ìṣubú ẹnì kan, ohun méjì máa ń sọnù. Èkíní ni ìdí tí ogun fi wá. Ohun tí Phillips ń wá wà nínú lẹ́tà rẹ̀, ọrọ̀ ajé ni. Ẹni tó bá ń gbé Òkìtìpupa ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé iyì epo pupa àti èkùrọ́ fún un. Rotimi mọ èyí, ó fi ọ̀rọ̀ òwò sínú eré, ṣùgbọ́n bátànì tó yàn ń fà á padà sọ́dọ̀ àyànmọ́ ní gbogbo ìgbà, bíi pé ìràwọ̀ Ọba ló ṣókùnkùn, tí kò sì sẹ́ni tó jókòó ti ìwé ìṣirò. Èkejì tó ń sọnù ni àwọn ènìyàn kéékèèké. Wọ́n á wọlé, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á jáde.

Ọ̀kan nínú wa bínú síbi tí a dé yìí. Ó ní a ò lè bá eré wákàtí méjì jà pé kò kó gbogbo ayé dání, pé ẹni tó fẹ́ kọ eré àwọn aláàárù kó lọ kọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Àmọ́ ìdáhùn wa ni pé Rotimi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú The Gods Are Not to Blame, àwọn ará Kutuje rọ́ wọ àgbàlá ọba, àìsàn ń pa wọ́n lọ́mọ, wọ́n sì ń bá ọba sọ ọ́ lójú ara rẹ̀. Ohùn wọn ṣì wà létí wa. Sapele ni wọ́n sì bí Rotimi sí, ní 1938, Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìjọ́ ni ìyá rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé kan bá wà tó gbọ́ oríṣiríṣi ohùn etí odò láti kékeré, òun ni. Ìdí nìyẹn tó fi dùn wá. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tó ṣìnà, a ò bá a wí.

Bátànì tí Rotimi gbà lọ́wọ́ Gíríìkì ló mú wa rántí pé Gíríìkì náà ní ọdún tirẹ̀ tí ogun fọ́ ọ, ẹni tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kò kọ ọ́ bí eré. Ní ọdún 146 kí wọ́n tó bí Jésù, Róòmù pa ìlú ńlá méjì run láàárín ọdún kan. Carthage ni èkíní, ní ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí. Èkejì ni Kọ́ríńtì, ìlú kan náà tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí, àmọ́ Kọ́ríńtì ti Pọ́ọ̀lù jẹ́ èyí tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àkọ́kọ́ ti di òkìtì àlàpà. Wọ́n máa ń sọ pé Róòmù da iyọ̀ sí ilẹ̀ Carthage kí nǹkan má baà hù níbẹ̀ mọ́. Kò sí òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn tí wọ́n hun lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún ni. (Ẹni tó bá mọ bí iyọ̀ ṣe wọ́n tó láyé àwọn baba ńlá wa á ti fura tẹ́lẹ̀. Ta ni á da iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nù?)

Polybius ni orúkọ ẹni tó kọ ìtàn náà. Ará Gíríìkì ni, àwọn tí ogun ṣẹ́ ló ti wá. Róòmù mú un bí ẹni tí wọ́n fi dógò, ó sì di ọ̀rẹ́ Scipio, ọ̀gágun tó jó Carthage. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ìlú náà ń jó. Ó rí i tí Scipio sunkún, tó ń ka ewì Homer lórí ìṣubú Troy, tó sì ń sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí á kan Róòmù náà. Ó tún dé Kọ́ríńtì, ó sì rí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n tẹ́ àwòrán olówó iyebíye mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Òǹkọ̀wé mìíràn ló sọ ti Mummius, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun Kọ́ríńtì, pé ó kìlọ̀ fún àwọn tó gbà láti kó iṣẹ́ ọnà náà lọ sí Ítálì pé bí wọ́n bá sọ ọ̀kan nù, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí nígbà tí a ka ìyẹn. Ìgbà tó yá ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa, torí a rí i pé àwọn tó ń kó ẹrù tún ti wọ inú ìtàn, orúkọ wọn ò sì sí níbẹ̀ náà.

Nítorí náà, a ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ Polybius di òrìṣà. Òun náà ò bi ẹni tó ru ẹrù léèrè orúkọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a ò rí nínú fíìmù àti eré tiwa. Ó kó ìlú méjèèjì pọ̀ sínú ìtàn kan, ó sì béèrè bí apá ìjọba kan ṣe lè gùn dé gbogbo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè "báwo ni" ló béèrè, tiwa sì máa ń jẹ́ "áà, ó mà ṣe o". Ní ti ohùn àwọn ará Carthage fúnra wọn, ẹ má tiẹ̀ wá a. Ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, ti Mago, apá 28, ni ìgbìmọ̀ Róòmù ní kí wọ́n túmọ̀. Ìyókù ìwé wọn ni wọ́n pín fún àwọn ọba Áfíríkà tó wà nítòsí, kò sì sí ìtàn Carthage kankan látẹnu ọmọ Carthage tó kù. Bìní sàn ju ìyẹn lọ. Ọba ṣì wà níbẹ̀, Jacob Egharevba sì kọ ìtàn ìlú náà ní àwọn ọdún 1930, lédè Ẹ̀dó kó tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlú méjì lọ́dún kan. Nígbà tí a ka ti Carthage àti Kọ́ríńtì tán la wá rántí pé 1897 náà ní ìlú kejì, kódà ó ní ìkẹta. Ní òpin oṣù kìíní, Goldie, olórí ilé iṣẹ́ oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Royal Niger Company, kó àwọn sójà tí kò ju bí 500 lọ pẹ̀lú ìbọn Maxim, ó sì gba Bídà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin tó pọ̀ ju àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì, Ìlọrin ṣubú. Ọjọ́ 18, Bìní. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn! Ìlọrin, tí ogun rẹ̀ ti yọ Yorùbá lẹ́nu fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún, àti Bìní, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé etí òkun, lọ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀kan lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ra epo.

A bi ara wa pé ta ló mọ̀ nínú wa tẹ́lẹ̀? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ìwé mẹ́wàá jáde, ìtàn sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wa. Ìlọrin wà nínú orí ìwé kan, Bìní wà nínú òmíràn, ẹnikẹ́ni ò sì fi òwú kan so wọ́n pọ̀. Bátànì eré àjálù ò lè so wọ́n pọ̀ náà, torí ọba méjì kì í ṣubú lórí ìtàgé kan. Bí ẹ bá wo Ovonramwen nìkan, ẹ ó rò pé nítorí pé àwọn ìjòyè rẹ̀ ò gbọ́ràn ni Bìní fi ṣubú. Ìlọrin ò pa kọ́ńsù kankan, ó sì ṣubú.

Ní Ìkálẹ̀ ńkọ́? Ìtàn àtẹnudẹ́nu tí a bá nílẹ̀ ní Ìkòyà sọ pé láti Bìní ni Abodi ti wá. Ohùn "gh" tó wà lẹ́nu àwọn àgbà wa, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ máa ń fi ṣe wá ní yẹ̀yẹ́, ó wà lẹ́nu àwọn Ẹ̀dó náà. Ní ẹ̀gbẹ́ wa ní Mahin, ní 1885, àwọn oníṣòwò Jámánì gba àdéhùn ilẹ̀ lọ́wọ́ Amapetu, kí ọdún náà sì tó parí, Jámánì ti gbé e fún Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni gbé ìsáná fún ẹlòmíràn. Ní 1894, wọ́n fọ́ Ebrohimi, ibùdó Nana Olomu, olórí oníṣòwò Ìtsẹkírì. Ẹni tó bá jókòó sí agbègbè yìí nígbà náà á ti rí i pé ogun náà ń yí i ká bọ̀ láti etí omi. Kò sí èyí nínú eré. Nínú fíìmù, ayé parí síbi odi ìlú Bìní. Àwọn tó ń wo Bìní láti òkèèrè, tí wọ́n fi ń júwe ibi tí àwọn ti wá, kí ni wọ́n ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn dé pé ààfin ti jó? Ìran kan péré lèyí máa gbà nínú fíìmù, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó wù wá ká rí i ju gbogbo ìbọn tí wọ́n yìn lọ.

A ti pinnu pé a máa ka Ovonramwen Nogbaisi fún àwọn ará àdúgbò nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá gba ọlidé. A ò ní yí ọ̀rọ̀ Rotimi padà, a ò tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ fi kún un. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kan máa jókòó sórí àpótí ní ìgun ìtàgé, òṣùká á wà lórí rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n pa àwọn Phillips, á dìde, á gbé àpótí náà, á jáde.

Ẹni tó bínú lọ́jọ́sí ní àṣejù ni, pé àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi fíìmù tí a ń bú. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n Ìyá ti ní kí a bá àwọn wá òṣùká gidi, èyí tí wọ́n fi aṣọ ká, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ìjà tó kù báyìí ò ju ti ìwé kékeré tí a fẹ́ pín lẹ́nu ọ̀nà lọ, èyí tí orúkọ àwọn òṣèré máa wà nínú rẹ̀. Ọba wà níbẹ̀, Ológbosere wà níbẹ̀, Phillips wà níbẹ̀. Ìlà tó kàn ṣófo. Ẹnì kan ní ká kọ "Aláàárù." Ìyá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ nìyẹn, wọ́n ò bi wá léèrè iṣẹ́ rẹ̀.